Èrò Tí Kò Sùn

Láti ìgbà tí Akóredé ti kírun àárọ̀ tán ni ara rẹ̀ kò ti gba ibì kan. Bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, kí ìdí rẹ̀ tó móoru, ó ti dìde. Ó nu dígí iwájú ọkọ̀ Síẹ́nà rẹ̀, ó padà wá jókòó, ó rántí pé òun ò nu tẹ̀yìn, ó tún gba ìdí ọkọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti nu ọkọ̀ yìí kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Bẹ́ẹ̀, nínú oṣù kẹjọ tí òjò Pọ́tákọ́ọ̀tù kì í bẹ ẹnikẹ́ni, tí ẹrẹ̀ Rumuokwurushi ń ta sí ènìyàn títí dé àyà, orí ẹni tó pé wo ló ń fọ ọkọ̀?

Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni Mujeebat, ọmọ rẹ̀, jáde sí i. Ó gbé ife tíì lọ́wọ́ kan, ó mú ṣíbí tó fi ń dín àkàrà lọ́wọ́ kejì.

"Bàbá, ẹ jókòó. Ànńtí Nengi ló ń bọ̀, kì í ṣe gómìnà."

"Ta ló dárúkọ gómìnà? Ọkọ̀ ló dọ̀tí."

"Ọkọ̀ yín mọ́ ju àwo tí a fi ń jẹun nílé yìí lọ."

Akóredé gba tíì, kò mu ún. Ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí eṣinṣin fi wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Nengi tó ń bọ̀ yìí, ọmọ Sìkírátù ni, Sìkírátù ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọjà Rumuokwurushi kó tó kú. Tamunotonye, ọmọ Kalabari, ló bí i fún. Nengi ti di ẹ̀ńjíníà ní Amẹ́ríkà, ọdún kọkànlá rèé tí kò ti wálé. Ó sì ti pe Akóredé lórí fóònù lóṣù tó kọjá pé, "Bàbá, ogún ọdún ti pé o. Mò ń bọ̀ wá parí ọ̀rọ̀ wa." Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la, àwọn àgbà ti wí i. Lọ́dún 2004 tí àwọn méjèèjì ta tẹ́tẹ́ yìí, Akóredé rò pé ogún ọdún jìnnà tó kí òun ti kú. Kò kú. Ọjọ́ sì pé.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ló fi lélẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá pàdánù, ó máa kúrò nídìí sítíárìn, kò tún ní fi ọkọ̀ gbé èrò kankan títí ó fi máa wọ káà ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá jẹ́ ẹ̀rín bí kì í bá ṣe ti ojú. Akóredé ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń gbé èrò méje lọ sí Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dókítà ojú ti sọ fún un pé àárín nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí dáadáa, pé ẹ̀gbẹ́ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún ló sì le jù. Ẹ ò mọ ohun tó dá dókítà lóhùn? Ó ní, "Dókítà, iwájú ni ọ̀nà wà, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá dígí kékè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan já ní Rumuodara. Mujeebat sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú ìkòkò ẹ̀wà, bàbá wá a rí. Nígbà tí ó sú òun náà, Akóredé bá a dá àdéhùn.

"Bí Nengi bá jẹ tẹ́tẹ́ yìí, ojú rẹ̀ ni màá ti kó kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́. Bí èmi bá jẹ ẹ́, o ò ní dárúkọ ojú mi mọ́ láyé yìí. Ṣé o gbọ́?"

Mujeebat gbà kíákíá. Ó ti rí i nínú fóònù pé ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ ti wà lóhùn-ún, ó ń gbé ènìyàn kiri láàárín ìlú, ó gbà pé bàbá òun ti pàdánù kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ò mọ gbogbo ohun tó wà nínú àdéhùn.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún 2004, bọ́ọ̀sì èrò méjìdínlógún ni Akóredé ń wà, gáréèjì Rumuokwurushi ló sì ti ń gbé àwọn ará ilé wa. Sìkírátù ń lọ ra ọjà lọ́jọ́ náà, Nengi sì sìn ín wá. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì ní Choba. Bọ́ọ̀sì ò tíì kún, gbogbo wọn dúró sábẹ́ agbòòrùn, Nengi sì ka nǹkan kan nínú ìwé ìròyìn jáde. Wọ́n ní ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ sínú aṣálẹ̀ kí wọ́n fi sá eré ìje.

"Èwo ló gba ipò kìíní?" Akóredé bi í.

"Kò sí ìkankan tó dé òpin."

Ẹ̀rín pa Akóredé débi tó fi di ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mú. "Kò sí ìkankan tó dé! Èmi ọmọ Àṣàbí ń dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé mi sínú ìwé ìròyìn!"

Nengi ò rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá Kóredé, ẹ fún wọn ní ogún ọdún. Ẹ̀rọ máa wakọ̀ ju ènìyàn lọ. Ẹ̀rọ kì í jẹ ẹ̀bà. Ẹ̀rọ kì í rẹ̀."

"O ti gbó sẹ́nu! Jẹ́ ká ta tẹ́tẹ́."

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo iye owó lọ́tùn-ún lósì, Akóredé ní rárá o. Mùsùlùmí lòun, tẹ́tẹ́ olówó, haramu ni. Kí olúkúlùkù fi ohun tó máa dùn ún lélẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ sókè. Nengi náà ní bí òun bá pàdánù, òun máa dúró láàárín gáréèjì yìí, òun máa pariwo fún gbogbo èrò lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ọwọ́ ènìyàn ju ẹ̀rọ lọ," òun á sì wọ ọkọ̀ Akóredé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Sìkírátù kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orúkọ èrò, ìwé yẹn tí a máa ń kọ orúkọ wa sí kí ọkọ̀ tó gbéra, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Akóredé fẹ́rẹ̀ẹ́ tọwọ́ bọ ìwé náà, ló bá ní kí wọ́n dúró ná.

"Kì í ṣe pé kó kàn máa rìn o. Ewúrẹ́ náà ń rìn. Ìwọ Nengi fúnra rẹ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, o sì gbọ́dọ̀ sùn nínú rẹ̀."

Gbogbo awakọ̀ tó wà níbẹ̀ ló hó yè. Wọ́n mọ ohun tó ń sọ. Òṣùwọ̀n awakọ̀ ọ̀nà jíjìn nìyẹn: bó bá ti kúrò nígboro, á gbójú sókè wo dígí, á ka iye orí tó ti wó. Awakọ̀ tí èrò ò bá lè sùn nínú ọkọ̀ rẹ̀, kó lọ máa kó iṣu. Sìkírátù ni ọ̀gá nínú àwọn tó ń sùn. Wọn kì í tíì dé afárá Choba tó fi máa ń hanrun, á sì máa sọ fún gbogbo ọjà pé ọkọ̀ Akóredé nìkan ni òun ti lè sùn láyé òun. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Akóredé nínú ju owó ọkọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni lábẹ́ agbòòrùn yẹn, òun ló sì mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, ó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó dúró jẹ ẹ̀bà lọ́nà, ẹ̀bà ńlá. Oòrùn aago méjì ń jó orí páànù, gbogbo èrò ti sùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Mbiama, oorun gbé òun náà. Kò mọ ìgbà tí ọkọ̀ fi títì sílẹ̀. Ohun tó jí i ni ohùn obìnrin kan tó pe orúkọ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n la igi mọ́ ilẹ̀: "Kóredé!" Ó lajú, ó rí koríko níwájú, ó rí òpó iná, ó yí sítíárìn. Ọkọ̀ padà sí títì. Nígbà tó wo dígí, kò sí orí tó nàró. Gbogbo wọn ló ń sùn.

Ta ló pè é, nígbà náà? Akóredé rò ó títí. Kò sí obìnrin láyé tó ń pè é ní Kóredé lásán. Ìyàwó rẹ̀, kó tó kú, Bàbá Mujeebat ló ń pè é. Bọ̀dá ni èrò obìnrin ń pè é, tàbí Ọ̀gá. Àwọn ọmọ Pọ́tákọ́ọ̀tù tí wọn ò mọ ẹ̀kọ́ ilé gan-an, "Oga driver" ni wọ́n máa ń wí. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, Àṣàbí, tó ti kú láti ọdún 1991. Nígbà tó ronú kan ibẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀ lórí sítíárìn. Ìyá òun ló jí òun láti ọ̀run. Láti ọdún náà ló ti ń ṣe sàráà àkàrà ní orúkọ ìyá rẹ̀ ní gbogbo oṣù kẹjọ. Ohun tó fi ń mú ara rẹ̀ lọ́kàn le nípa tẹ́tẹ́ náà ni pé ẹ̀rọ ò ní ìyá. Bí ẹ̀rọ bá ṣìnà, ta ló máa pè é?

Ohun kan ló ń kọ ọ́ lóminú. Láti ọjọ́ tẹ́tẹ́ yẹn, Nengi ò wọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ń lọ, á sìn ín dé gáréèjì, á dúró, á máa wo Akóredé lójú títí ọkọ̀ á fi lọ. Akóredé pè é ní ìgbéraga ìwé kíkà, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni Nengi dé. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ ṣòkòtò, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ wọlé bí ọmọ tí Sìkírátù tọ́.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ọjọ́ mẹ́ta kọ́, ọdún mọ́kànlá ni! Dìde, dìde, ọmọ Sìkírà. O ti rù. Ṣé ẹ̀rọ ló ń jẹ oúnjẹ yín ní Amẹ́ríkà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mujeebat gbé àkàrà sàráà wá, Nengi jẹ mẹ́ta, ó fi ọwọ́ olóròóró nu ẹ̀yìn ṣòkòtò. Akóredé ò jẹ. Ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì, Mujeebat sì ń wo ẹsẹ̀ náà.

"Ó yá, fi hàn mí," ló wí nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́.

Nengi yọ fóònù. Ọkọ̀ funfun kan ń lọ láàárín ìlú tó mọ́ tónítóní. Inú ọkọ̀ náà ni Nengi ti ya fọ́tò tó ń rìn yìí, láti ìjókòó ẹ̀yìn. Sítíárìn ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Àga awakọ̀ ṣófo. Àwọn ènìyàn sọdá níwájú, ọkọ̀ dúró fún wọn. Wọ́n sọdá tán, ó tẹ̀síwájú.

"Lá ìláhà ìllálláhù," Akóredé wí. Ó gba fóònù, ó sún un mọ́ àárín ojú rẹ̀ níbi tó ti ń ríran. "Bó bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tó ní 'Wetin you carry?' ńkọ́? Ta ló ń dá a lóhùn?"

"Bàbá, kò sí ìyẹn níbẹ̀."

"Háà, a jẹ́ pé kò tíì wakọ̀. Kó wá gba àárín ọlọ́pàá Ahoada kọjá ná." Ó dá fóònù padà. "Ó rìn, mo rí i. Ìwọ lo wà nínú rẹ̀, mo gbà. Ṣé o sùn?"

Mujeebat wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Sùn bí ti báwo?"

"Ó wà nínú ìwé," Akóredé wí. "Ó gbọ́dọ̀ sùn."

Nengi yọ ìwé orúkọ èrò yẹn nínú báàgì, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ó rí i nínú àpótí ìyá rẹ̀. Kò kà á. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé mi lọ sí Choba. Mo fẹ́ rí ilé tí mo gbé nígbà tí mo wà ní school. Ibẹ̀ ni màá ti dá yín lóhùn."

Akóredé wọ yàrá lọ mú kọ́kọ́rọ́ àti fìlà. Nígbà tó ń dé fìlà lójú fèrèsé, ó gbọ́ ohùn Mujeebat níta, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ànńtí Nengi, abeg. Just tell am say you sleep. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọkọ̀ yìí máa pa wọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n á tún kó èrò méje dání. I dey beg you with God."

Kò gbọ́ èsì Nengi. Inú bí i, ẹ̀rù bà á, àwọn méjèèjì wọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ èyí tó ń lé e jáde. Ọmọ tó bí ló fẹ́ kí wọ́n fi irọ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun. Bí Nengi bá sì ní òun sùn, ta ló máa jẹ́rìí? Ẹ̀rọ ni kó lọ bi?

Wọ́n gbéra. Nengi ò jókòó níwájú, àárín ló jókòó sí, lẹ́yìn awakọ̀ gan-an, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń jókòó. Akóredé tún dígí ṣe kó lè máa rí i. Ó wakọ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó gbé ẹyin: ó ń fi àmì hàn níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi àmì hàn, ó ń yẹ gbogbo kòtò. Ó ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí pé bó bá dákẹ́, ọmọ yẹn lè dá a lóhùn.

"Ìyá rẹ á ti sùn báyìí. Rumuodara gan-an rèé. Á ti gbé orí lé fèrèsé."

"Ẹ̀n-hẹ́ẹ̀n, sà."

"Ìwọ ò sùn."

"Mi ò sùn, sà."

Ó wo dígí. Ojú Nengi là sílẹ̀, ọ̀nà ló ń wò, kì í ṣe òun. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ẹ̀yìn àga Akóredé mú. Ó dun bàbá náà. Ọ̀pọ̀ oṣù rèé tí kò ti rí orí tó wó nínú dígí yẹn; ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé fóònù ló ń gba oorun lójú àwọn èrò ìsinsìnyí. Ó ṣì ń wo dígí náà.

"Kóredé!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì kó tó mọ̀. Ọkọ̀ ké, ó dúró gbọn-in. Kékè kan kọjá níwájú rẹ̀ fìrì láti ọwọ́ ọ̀tún, ó sún mọ́ ọn débi tó fi rí ìyá àti ọmọ jòjòló tó wà nínú rẹ̀. Ọlọ́kékè na ọwọ́ jáde: "Old man, you dey craze? You no see person?" Kò rí i lóòótọ́. Bí ẹ bá ní kó fi Kùránì búra, kò rí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kékè ló mú kí ara rẹ̀ tutù báyìí. Ohùn náà ni. Ó mọ ohùn náà. Ogún ọdún ló ti ń ṣe sàráà fún un.

Ó rọra ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níwájú ẹni tó ń ta táyà. Ó pa ọkọ̀.

"Ní Mbiama," ló wí.

Nengi ti ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Kò sí àyè láti fi Bọ̀dá sí i. Bí mo bá ní Bọ̀dá, òpó ti wọ inú ọkọ̀."

"Ìwọ ni."

"Èmi ni. Orí ìyá mi wà ní èjìká mi. Mo rí ojú yín nínú dígí, ó pa dé. Bí mo ṣe pariwo tán, mo dijú pa, mo ṣe bí ẹni ń sùn, nítorí pé mo ti pe àgbàlagbà lórúkọ. Ẹ̀rù ìyá mi bà mí ju ikú lọ. Wọ́n á gbá mi létí kí wọ́n tó bi mí ìdí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Akóredé ò kúkú parọ́ fún ẹnikẹ́ni ju ara rẹ̀ lọ. Ó gbé orí lé sítíárìn. Àṣàbí ò pè é. Ìyá rẹ̀ ti kú, ó sì ti dákẹ́ bí òkú gbogbo ṣe ń dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ ló gba ẹ̀mí èrò méjìdínlógún là. Ó dùn ún bí ìgbà tí wọ́n tún ìyá náà sin lójú rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ìyá mi tó ń ròyìn yín káàkiri ọjà? Ọkọ̀ yín nìkan ni wọ́n ti ń sinmi, Bàbá. Ní ilé, ọjà ni wọ́n ń rò mọ́jú. Mi ò lè gba ìsinmi yẹn lọ́wọ́ wọn. Ni mo bá ní kí n wá ẹ̀rọ tó máa gba sítíárìn lọ́wọ́ yín. Ìdí tí mo fi ka ìwé dé Amẹ́ríkà nìyẹn." Ó nu imú. "Mo wọ ọkọ̀ yẹn ní ìgbà mọ́kànlá. Mo gbé orí lé àga, mo dijú. Mi ò sùn. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́. Bí mo bá ti dijú, Mbiama ni mò ń rí, ni màá tún lajú máa ṣọ́ sítíárìn tí kò sẹ́ni tó dì í mú. Mi ò lè sùn nínú ọkọ̀ kankan mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mujeebat ní kí n parọ́ fún yín. Mi ò lè ṣe é. Ẹ ti jẹ ẹ́, Bàbá. Ẹ gbé mi lọ sí gáréèjì kí n lọ pariwo."

Akóredé gbọ́ pé òun ti jẹ tẹ́tẹ́. Ó ti gbàdúrà fún ọ̀rọ̀ yìí láti oṣù kan. Ọkọ̀ òun ni, ojú òun ni, kò sẹ́ni tó máa bá òun sọ ọ́ mọ́. Ó wo títì níwájú, ó yí orí sọ́tùn-ún pátápátá, ó wo ibi tí kékè ti jáde. Ọ̀nà gbòòrò ni, kékè mìíràn mẹ́ta tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń dúró. Bí ó ti yí ojú síwájú padà, wọ́n pòórá. Ó tún yí i wò, wọ́n wà níbẹ̀. Ó ronú kan ọmọ jòjòló yẹn, ìtìjú gbá a mú.

Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo dígí.

"Gbà."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́."

"Mo ní kí o gbà á. Èmi ni mo gba oorun lójú rẹ, n óò wá fi ìyẹn jẹ tẹ́tẹ́? Irú jíjẹ wo nìyẹn? Má pariwo nǹkan kan ní gáréèjì. Ọwọ́ ènìyàn wo ló ju ẹ̀rọ lọ? Ọwọ́ tèmi yìí?" Ó fi fìlà nu ojú. "Mo ṣe sàráà fún ìyá mi lógún ọdún, bẹ́ẹ̀ ìwọ lo ni àkàrà yẹn. O ò bá mi jẹ ju mẹ́ta lọ."

Nengi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó gba kọ́kọ́rọ́.

Akóredé sọ̀kalẹ̀, ó gba iwájú ọkọ̀ yí lọ sí ọwọ́ kejì, ó di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú bó ṣe ń lọ. Láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ yìí, kò jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ rí. Kò mọ ibi tí bẹ́líìtì wà, Nengi ló bá a fà á.

"Ṣé o ṣì lè wakọ̀ Pọ́tákọ́ọ̀tù? Àbí kí n pe ẹ̀rọ?"

"Bàbá, abeg."

Ọkọ̀ gbéra, ó yí padà sí Rumuokwurushi. Nengi ò sáré. Akóredé ò sinmi: kòtò kan ń bọ̀, ó ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí kò sí bíréèkì, tírélà kan fọn fèrè, ó ti na ọwọ́ sí sítíárìn tí kò sí níwájú rẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan kí wọ́n lè jókòó jẹ́ẹ́.

"Ẹ lè sùn, Bàbá," Nengi wí. "Ó ti rẹ̀ yín."

"Èmi? Kí n sùn?" Ó gbé ara sókè lórí àga, ó yí gbogbo ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún kó lè fi àárín ojú wo ẹ̀gbẹ́ títì. "Máa wakọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i pé o tòògbé pẹ́nrẹ́n, mi ò ní pè ọ́ ní Ẹ̀ńjíníà o. Nengi lásán ni màá pè."

Ó ń wo ọ̀nà náà bẹ́ẹ̀, láìsẹ́jú, títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà níbi tí Mujeebat ti ń dúró dè wọ́n.